ÀGBÉYẸ̀WÒ ÌWÉ ISOTOPES TI F. W. ASTON

Ní ọdún 1922 ni F. W. Aston ti Cambridge tẹ ìwé yìí jáde. Ọ̀rọ̀ tí ó dojú kọ ni èyí: ìwọ̀n átọ́mù kílórínì jẹ́ 35.46. Èétiṣe tí kò fi jẹ́ odindi?

Èsì Aston ṣe tààrà. Ó fi agbára iná mànàmáná àti ti òòfà ya àwọn átọ́mù nípa bí wọ́n ti wúwo sí. Olúkúlùkù sì fi ilà tirẹ̀ sára àwo fọ́tò. Ilà hàn ní 35, 36, 37 àti 38, ní 35.46, òfo ni. Àlàyé rẹ̀ ni pé 36 àti 38 jẹ́ kílórínì tí ó pọn háídrójìnì. Ó wá ku 35 àti 37: ọmọ ìyá ni wọ́n, ìwà wọn dọ́gba, ìwúwo wọn yàtọ̀. Bí mẹ́ta bá jẹ́ 35, tí ẹyọ kan jẹ́ 37, àpapọ̀ wọn jẹ́ 142. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, ó di 35.5.

Níhìn-ín ni ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó. Dúdú ilà kì í ṣe òṣùwọ̀n pípé fún iye átọ́mù. Ẹni tí ó bá fi í nìkan ṣírò kò lè ní ìdánilójú. Nípa irú átọ́mù tí ó wà, ẹlẹ́rìí òdodo ni àwo náà. Nípa iye wọn, ẹlẹ́rìí tí ń kólòlò ni. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà ẹ̀yìn, tí ń fi iná mànàmáná wọn iye, ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé nínú 100, bíi 76 jẹ́ 35, bíi 24 sì jẹ́ 37.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìwé náà kò yẹ̀: 35.46 jẹ́ ìwọ̀n agbo; kò sí átọ́mù kan ṣoṣo tí ó ni ín.