Níní àti Yíyá: Lámèyítọ́ lórí Àṣẹ Wíwo Fíìmù Dọkumẹ́ńtárì ní Ilé-Ìkàwé Yunifásítì Amẹ́ríkà

Bí ilé-ìkàwé yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà bá ra àwo DVD, àwo náà ti di tirẹ̀. Òfin gbà á láyè láti yá akẹ́kọ̀ọ́, kí ó tọ́jú rẹ̀ fún iye ọdún tó bá wù ú, kí olùkọ́ sì fi han kíláàsì rẹ̀ lójúkojú láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fíìmù dọkumẹ́ńtárì tí wọ́n ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ ìlò fún ìgbà díẹ̀ ni ilé-ìkàwé sábà máa ń rà níbẹ̀. Ọjọ́ tí àdéhùn bá pé, fíìmù náà á pòórá. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í fura sí ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé àwòrán kan náà ni ojú rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ẹgbẹ́ àwọn apínfíìmù kan àti ilé-iṣẹ́ Ambrose Video pe Yunifásítì California ní Los Angeles lẹ́jọ́, nítorí pé ó gbé ohun tó wà nínú àwo tó rà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún kíláàsì. Ilé-ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2011, ó sì tún dà á nù ní 2012. Àwọn kan ń fi èyí yangàn. Ṣùgbọ́n ara ìdí rẹ̀ ni ààbò tí òfin fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀; kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kò ní irú asà bẹ́ẹ̀.

Ìwé àdéhùn ló kù. Ilé-iṣẹ́ Kanopy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2008, ló sọ ọ̀nà kan di gbajúmọ̀: ilé-ìkàwé á ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fíìmù sílẹ̀, kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí èyíkéyìí títí wọn yóò fi wò ó ní ìgbà mẹ́rin. Nígbà náà ni yóò san nǹkan bí 150 dọ́là fún àṣẹ ọdún kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 sì ti tó láti kà á sí wíwò kan! Òótọ́ ni pé owó kì í lọ sórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn yọjú wo fíìmù, tó sì pa á dé, ti dá kún gbèsè láìmọ̀. Alábòójútó tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣàyàn wá di ẹni tó ń retí ìwé-owó, bí àwọn òǹwòran bá sì ti ń pọ̀ sí i ni àyà rẹ̀ ń já. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ti ti ilẹ̀kùn náà padà: olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè kí wọ́n tó sanwó.

Kò tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn apínfíìmù. Fíìmù dọkumẹ́ńtárì kì í sábà pawó ní sinimá. Kíláàsì lọjà rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń ta àṣẹ tí kò lọ́jọ́, tí fáìlì fíìmù á wà lọ́wọ́ ilé-ìkàwé fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ ga lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n òun ló sún mọ́ àwo àtijọ́ jù lọ, òun ló sì yẹ fíìmù tí ẹ̀kọ́ kan rọ̀ mọ́ lọ́dọọdún. Fáìlì náà ń fẹ́ kọ̀ǹpútà ìpamọ́ àti òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké, tí owó ọdọọdún ń pa lára jù, ni kì í sábà ní méjèèjì.