Ìgbà Ìwọ́wé Láìsí Àwọ̀

Ta ni yóò ya fọ́tò igi ní ìgbà ìwọ́wé, tí yóò sì fi àwọ̀ sílẹ̀? Ìbéèrè tí mo bi ara mi nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ Ansel Adams, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gbé ayé láti 1902 sí 1984. Ìgbà ìwọ́wé ni àsìkò tí òtútù ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wọn, tí ewé ń di pupa tàbí àwọ̀ ìyeyè kí igi tó wọ́wé tán. Nítorí àwọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń lọ wò wọ́n.

Ní 1958, ní àríwá ìpínlẹ̀ New Mexico, Adams ya àwọn igi aspen. Igi wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, wọ́n dúró níwájú igbó tó ṣókùnkùn. Ewé wọn ń tàn bí ẹni pé oòrùn ń ràn sí wọn. Ṣùgbọ́n inú ibòòji ni wọ́n wà. Gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè ni Adams fi bo ojú kámẹ́rà rẹ̀. Ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ara ewé wọlé, ó sì dá púpọ̀ nínú àwọ̀ aró tó wà nínú ibòòji dúró. Bí ewé ṣe mọ́, tí ẹ̀yìn wọn sì ṣú nìyẹn.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Bí a bá kàn yọ àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò lórí fóònù, ewé pupa àti ewé tútù lè di àwọ̀ eérú kan náà. Adams ti ro ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dà kí ó tó tẹ kámẹ́rà.

Ní nǹkan bí 1929, ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ó ya ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní Ranchos de Taos. A kò rí ẹnu ọ̀nà. Ògiri tó nípọn àti òjìji ni ó gba ojú wa. Fọ́tò yìí kò pàdánù ohunkóhun, nítorí àwọ̀ amọ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mọ ilé amọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí ògiri náà ṣe rí lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

Ti àwọn igi náà yàtọ̀. Àkọlé fọ́tò náà kò dárúkọ ìgbà ìwọ́wé. Ẹni tí ó mọ ewé gbígbẹ ìgbà ọyẹ́ nìkan lè rò pé òdòdó ni, tàbí pé òru ni. Àbùkù tí mo rí nìyẹn, n kò sì ní bò ó.

Ṣé Adams wá parọ́ bí? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni ewé náà mọ́ ju igbó ẹ̀yìn wọn lọ; ó kàn fi kún ìyàtọ̀ náà ni. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó fi kún un. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé fọ́tò kì í parọ́. Ohun tí mo kọ́ lára àwọn igi wọ̀nyí ni pé ẹni tí ó yà á ti pinnu ohun tí a óò rí kí àwa tó dé ibẹ̀. Kí a tó gba fọ́tò gbọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó fi sílẹ̀.