Annie Moore: Ère Dára, Ìtàn Ńkọ́?

Ère Annie Moore méjì ni oníṣẹ́-ọnà Jeanne Rynhart ṣe, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú wọn ní 1993. Ọ̀kan wà ní èbúté Cobh ní ilẹ̀ Áyálándì, èkejì wà ní Ellis Island, New York. Ọwọ́ ìyá náà dán. Ẹ wo ọmọbìnrin tó fọwọ́ kan di fìlà mú, tó gbé báàgì dání! Kì í ṣe ère ni mo bá wí, ìtàn tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ ni.

Ẹ gbọ́ ná. Ní January 1, 1892, Annie ni àlejò àkọ́kọ́ tó gba Ellis Island wọ Amẹ́ríkà. Wọ́n fún un ní owó wúrà dọ́là 10. Àwọn oníwèé ìròyìn ní ọmọ ọdún 15 ni, pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Ọmọ ọdún 17 ni, oṣù April ni wọ́n sì bí i. Wọ́n tún ní ó lọ sí Texas, ó fẹ́ ọmọ ìran Daniel O'Connell, akọni ilẹ̀ Áyálándì, ọkọ̀ sì pa á ní 1923. Ìdílé ti Texas yìí ni wọ́n ń pè síbi ayẹyẹ.

Àwọn àgbà ní àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Àmọ́ àrọ́bá tiwọn yìí, ọmọ ọlọ́mọ ló gbé pọ̀n. Ní 2006, Megan Smolenyak, tó máa ń wádìí ìran àwọn èèyàn, fi hàn pé Illinois ni wọ́n bí Annie ti Texas sí! Annie tòótọ́ kò kúrò ní New York. Ó fẹ́ Joseph Schayer, ọmọ ẹni tó wá láti Jámánì. Ó bímọ púpọ̀, 5 péré ló dàgbà. Láàárín àwọn mẹ̀kúnnù Lower East Side ló gbé títí tó fi kú ní 1924. Sàréè rẹ̀ ní Calvary, ní Queens, kò ní òkúta lórí àfi ní 2008.

Kí ló dé tí irọ́ Texas fi dùn tó bẹ́ẹ̀? Ohun tí Amẹ́ríkà fẹ́ gbọ́ nípa ara rẹ̀ ni: ọmọ tálákà dé, ó gba wúrà, ó sì kọjá lọ sórí ilẹ̀ gbalasa. Ta ló fẹ́ gbọ́ ti ìyá tó ń sin ọmọ?

Ẹ tún wò ó: ní Cobh, àwọn àbúrò rẹ̀, Anthony àti Philip, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní New York, òun nìkan ló dúró. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló kó wọn sọdá òkun lọ bá àwọn òbí tó ti ṣáájú. Lójú tèmi, àléébù ère náà nìyẹn: wọ́n yọ ẹbí kúrò nínú ìtàn ẹbí.

Ẹni tó bá lọ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà, kó yà dé Calvary pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni Annie wà.