Ìwọ̀n Kan Ni Kí Á Fi Wọn Ìwé Méjì

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣé ó tọ́ kí á fi kóńgò wọn gàrí Ọ̀tà, kí á fi agolo wọn ti Sango, kí á wá ní ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ? Àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé wá bá mi ní Sango nìyẹn. Ó fi Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938 wé Aiyé d'Aiyé Òyìnbó tí Délànọ̀ kọ ní 1955. Èdè ló fi wọn Fágúnwà. Ìtàn ló fi wọn Délànọ̀. Ó ní Fágúnwà borí. Họ́wù!

Mo ní, "Ọmọ mi, ìbéèrè kan náà ni kí o bi àwọn méjèèjì: báwo ni èèyàn ṣe pàdé ayé àjèjì?" Ọdẹ Fágúnwà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ igbó, ó sì padà sílé. Ní ti Délànọ̀, ayé àjèjì ló wá bá onílé nílé, kò sì fi ilé náà sílẹ̀ bó ṣe bá a. Ibi tí wọ́n ti jọra náà ni wọ́n ti yàtọ̀.

Àwa tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá wá bá lórí ilẹ̀ bàbá wa l'Ọ́tà, ṣé ó yẹ kí á fojú di Délànọ̀?