Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Akéde Ìlú

Iṣẹ́ akéde kì í ṣe iṣẹ́ ariwo lásán. Kí àwọn àgbẹ̀ tó gba oko lọ, tàbí lálẹ́ tí wọ́n bá ti dé, ni ẹ ó gbọ́ agogo: kó, kó, kó! Akéde yóò dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè jáde síta, kó tó jíṣẹ́. Ẹ̀ka-èdè ìlú ló fi ń sọ ọ́. Ọjọ́ ọjà ló fi ń júwe ọjọ́ ìpàdé, kí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé má baà ṣì í. Bí ẹnìkan bá sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, á dúró dá a lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri káńsù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Nígbà tí wọ́n ń gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, akéde wà lára àwọn tí òṣìṣẹ́ ìlera lò láti pe àwọn òbí síta. Lóṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú kòkòrò àrùn náà tó jẹ́ ti àbáláyé ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Áfíríkà. Ìyìn náà kan akéde.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, ẹ̀yin alága káńsù, ẹ máa sanwó akéde lásìkò. Ẹ sọ iye tó wọlé fún un àti ohun tí ẹ fi ṣe, kó ké e dé gbogbo àdúgbò.