Agbádá Kọ́ ni Ìbora

Bí a bá ní kí ọmọ Yorùbá dárúkọ àwọn ẹ̀wù ńlá tí a ń gbé wọ̀ lé ẹ̀wù mìíràn lórí, kò ní pẹ́ tí yóò fi ka agbádá, dàńdógó, gírìkẹ̀ àti sùlíyà. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ó lè fi alikíńbà kún un, ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí ó ní ìborí lẹ́yìn ọrùn, tí a gbà tẹ̀wù-torúkọ lọ́wọ́ àwọn Haúsá. Púpọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe orúkọ aṣọ lásán. Wọ́n a máa sọ ipò ẹni tí ó wọ aṣọ náà fún wa. Agbádá ń gba aṣọ púpọ̀, ó ń gba iṣẹ́ ọnà ní àyà, ó sì ń fẹ́ kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ máa ká apá rẹ̀ sí èjìká lóòrèkóòrè, èyí tí ẹni tí ó ń kọ ebè kò ráyè ṣe. Ní ti dàńdógó, òwe àwọn baba wa ti parí ọ̀rọ̀: dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí ibì kan nínú Bíbélì Yorùbá tí ó ti ń kọ mí lóminú láti ìgbà èwe mi. Nínú ìwàásù orí òkè, ní Mátíù orí 5, Jésù ní bí ẹnìkan bá pe ènìyàn lẹ́jọ́ tí ó sì gba ẹ̀wù rẹ̀, kí onítọ̀hún yọ̀ǹda agbádá rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, baálé ilé kan tí ó sanra ni mo máa ń rí lójú inú mi. Ó ti sọ bùbá nù ní kóòtù, ó tún bọ́ agbádá lé e, ó wá ku òun àti ṣòkòtò rẹ̀. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n agbádá mìíràn ń bẹ nínú àpótí rẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí ẹsẹ náà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe tú u: ẹ̀kọ́ ìlawọ́ ni, fún ẹni tí ó ní.

Himation ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀. Aṣọ onígun mẹ́rin ni, tí wọ́n ń dà bora lórí àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ chiton. Olówó ń lò ó, tálákà náà ń lò ó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, irú aṣọ àwọ̀lékè bẹ́ẹ̀ ni tálákà fi ń bora sùn. Ìdí nìyí tí òfin Mósè, ní Ẹ́kísódù orí 22, fi pàṣẹ pé ẹni tí ó bá gbà á ṣe ìdógò gbọ́dọ̀ dá a padà kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tí a pè lẹ́jọ́ kì í ṣe baálé ilé tí ó sanra mọ́. Kò ní ju aṣọ méjì náà lọ. Olùpẹ̀jọ́ lè gba èkíní, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí èkejì sun ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́jú. Bí tálákà náà bá wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ èkejì yìí sílẹ̀, ìhòòhò ni ó dúró sí níwájú adájọ́, ìtìjú náà kò sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan mọ́. Lójú tèmi, ẹ̀sùn ni ó ń kà sí ayanijẹ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, agbádá, ti bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀.

N kò sọ èyí láti tàbùkù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ títí odindi Bíbélì fi jáde ní èdè wa ní ọdún 1884. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti ọdún 1843. Àìgbédè kọ́ ni. Ipò aṣọ lára ni wọ́n wò: agbádá a máa wà lókè, àwọ̀tẹ́lẹ̀ a máa wà nísàlẹ̀. Ní ti ipò, wọn kò ṣìnà. Iṣẹ́ tí aṣọ náà ń ṣe fún ẹni tí ó ni ín ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ìwé kejì sí Tímótì, orí 4, fi hàn pé wọ́n mọ ọ̀nà kejì. Níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì bá òun mú ẹ̀wù kan tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀. Ẹ̀wù ìrìnàjò àwọn ará Róòmù ni. Ó nípọn, ó sì sábà máa ń ní ìborí bí alikíńbà. Bí wọ́n bá pè é ní alikíńbà, àgbàlagbà tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n ì bá di ẹ́míà orí ẹṣin lójú wa. Aṣọ òtútù ni wọ́n pè é. Ìborí sọnù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ fi ẹ̀wù náà ṣe kò sọnù, nítorí pé ní ẹsẹ 21 ó bẹ Tímótì kí ó dé ṣáájú ìgbà òtútù.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún himation pẹ̀lú: ìbora. Ẹnìkan lè wí pé a kì í da ìbora lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n ta ni kò tíì rí arúgbó tí ó da ìbora rẹ̀ bo èjìká jáde ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí yóò sì tún fi òun kan náà sùn lálẹ́? Mo dán an wò ní kíláàsì. Mo ka ẹsẹ náà pẹ̀lú agbádá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo fi ìbora dípò rẹ̀, kíláàsì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan béèrè pé, "Kí ni yóò wá fi sùn, sà?" Kò mọ̀ pé ìbéèrè tí òfin Mósè béèrè nínú Ẹ́kísódù gan-an ni òun béèrè yẹn.

Nígbà tí Yorùbá bá ní ènìyàn ni aṣọ òun, kì í ṣe ẹ̀wù ìrode ni ó ní lọ́kàn, bí kò ṣe ohun tí ó ń bo ni láṣìírí. Ẹni tí yóò bá tún Bíbélì wa túmọ̀ lọ́la, kí ó jọ̀wọ́ dá ìbora tálákà padà fún un, kí oòrùn tó wọ̀.