A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Lámèyítọ́ lórí Ìrètí àti Ìjákulẹ̀ Àwọn Òǹlò Windows

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí àwọn òǹlò kọ̀ǹpútà máa ń retí nígbà tí ẹ̀dà tuntun ètò Windows bá ń bọ̀ lọ́nà, àti ìdí tí ìrètí náà fi máa ń di ìjákulẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́rin ni ó gbé yẹ̀ wò: Vista, Windows 8, Windows 10 àti Windows 11. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé àyípadà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń bí àwọn òǹlò nínú. Àyípadà tí wọn kò lóhùn sí ni. Ó fi hàn pẹ̀lú pé kíkọ ìmúdójúìwọ̀n sílẹ̀ pátápátá kò lè jẹ́ ojútùú, àti pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà kọ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

1.0 Ìfáàrà

Ètò adarí ni ètò tí ó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Òun ni àwọn ètò yòókù dúró lé. Bí ó bá yí padà, iṣẹ́ ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ náà yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí ènìyàn ra aṣọ tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí onílé ń tún ilé kọ́ nígbà tí ayálégbé ṣì ń gbé inú rẹ̀. Onílé lè ní èrò rere lọ́kàn, ṣùgbọ́n orí ayálégbé ni eruku ń dà sí. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni onílé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òwe Yorùbá tí ó sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí ni òṣùwọ̀n tí iṣẹ́ yìí yóò fi wọn ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

2.0 Vista: Ìlérí Tí Ó Ju Agbára Lọ

Windows XP jáde ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọdún 2001. Ó lé ní ọdún márùn-ún kí Vista tó tẹ ará ìlú lọ́wọ́ ní ọjọ́ 30, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2007. Láàárín ìgbà náà, ìlérí pọ̀ lọ jàra. Ọ̀kan nínú wọn ni WinFS, ọ̀nà tuntun láti to fáìlì jọ kí wíwá wọn lè rọrùn; ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, Microsoft kéde pé kò ní bá Vista jáde.

Èyí tí ó dun àwọn oníbàárà jù ni ti àmì “Windows Vista Capable” tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kí Vista tó jáde. Ẹni tí ó rí àmì yìí gbà pé Vista tí òun rí nínú ìpolówó ni ẹ̀rọ òun yóò gbé. Home Basic, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà kékeré, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà lè gbé, Aero tí ó ń mú ojú kọ̀ǹpútà dán bí dígí kò sì sí nínú rẹ̀. Ní ọdún 2007, àwọn oníbàárà kan pe ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2009, adájọ́ pàṣẹ pé wọn kò lè máa bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ àpapọ̀. Ẹjọ́ náà fi ohun kan hàn kedere: ìlérí ni oníbàárà fi owó rà, ìlérí náà ni ó sì fi dá ọjà lẹ́jọ́.

3.0 Windows 8: Orí Tí Wọ́n Fá Lẹ́yìn Olórí

Láti ìgbà Windows 95 ni bọ́tìnnì Start ti wà ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ní ọwọ́ òsì. Akọ̀wé, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ọ́n lò débi pé ọwọ́ wọn ń dé ibẹ̀ kí wọ́n tó rò ó. Nígbà tí Windows 8 jáde ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 2012, bọ́tìnnì náà ti pòórá, ojú-ewé kan tí ó kún fún àpótí aláràbarà ni ó rọ́pò àkójọ ètò tí bọ́tìnnì náà máa ń ṣí.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹ̀rọ tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú ti gbòde nígbà náà, ilé-iṣẹ́ yìí sì fẹ́ kí ètò kan ṣoṣo bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí ó di máòsì mú, kò bèèrè fún un. Windows 8.1 dá bọ́tìnnì náà padà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, síbẹ̀ ojú-ewé alápòótí yẹn náà ni ó ń ṣí. Ó di ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2015, nígbà tí Windows 10 dé, kí àkójọ náà gan-an tó padà. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án ni ó gbà kí wọ́n tó dá ohun tí wọ́n mú padà fún olóhun.

4.0 Windows 10: Ohùn Tí Kò Dé Etí

Ó tọ́ láti sọ pé Microsoft kọ́ ẹ̀kọ́ lára Windows 8. Ní ọdún 2014, ó dá ètò Windows Insider sílẹ̀ kí àwọn òǹlò lè dán ẹ̀dà tuntun wò kí ó tó jáde, kí wọ́n sì sọ èrò wọn. Ètò yìí dára lójú. Àmọ́ ìmúdójúìwọ̀n tí ó jáde ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, ọdún 2018 pa fáìlì àwọn òǹlò kan rẹ́, Microsoft sì dá a dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò pọ̀, ṣùgbọ́n fáìlì tí ó sọnù lè jẹ́ iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ohun tí ó yẹ fún àríyànjiyàn níbẹ̀ ni pé lára àwọn tí ń dán an wò ti kígbe rẹ̀ kí ó tó jáde. Igbe wọn rì mọ́lẹ̀ nítorí pé àwọn tí ó fọwọ́ sí i kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ààyè sílẹ̀ kí òǹlò lè sọ bí ìṣòro kan ti le tó. Gbígba ohùn jọ yàtọ̀ sí gbígbọ́ ohùn. Ní ọdún 2019, òǹlò lásán pẹ̀lú rí àǹfààní láti dá ìmúdójúìwọ̀n dúró fún ọjọ́ 35. Èyí ni ìgbésẹ̀ tí ó sún mọ́ òwe olórí jù lọ.

5.0 Ẹ̀bi Òǹlò

Lámèyítọ́ tí ó bá dá onílé nìkan lẹ́bi kò tíì parí iṣẹ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft fi àtúnṣe kan dí àlàfo kan nínú Windows. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, WannaCry gba àlàfo yìí wọlé, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó jà dé, ó sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe oṣù Kẹta ni ó mú. Ẹni tí ìmúdójúìwọ̀n bá ti já kulẹ̀ rí ni ó máa ń sá fún un. Nípa bẹ́ẹ̀, ìjákulẹ̀ àná ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ewu òní.

6.0 Windows 11 àti Òǹkọ̀wé Yorùbá

Oore tí ìmúdójúìwọ̀n ṣe fún òǹkọ̀wé Yorùbá kò ṣe é sẹ́. Lẹ́tà bí “ẹ́” àti “ọ̀” kò ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan: lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́ ni a ń kọ, kí a tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí ètò adarí tàbí fọ́ǹtì kò bá mọ ọ̀nà ìgbé-àmì-lé-lẹ́tà, àmì ohùn yóò sún sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Fọ́ǹtì àdáṣe ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi yẹra fún ìṣòro yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn a máa dàrú lórí ẹ̀rọ tí kò bá ní irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀. Bí ètò adarí ti ń di ọ̀tun ni ìṣòro náà ń dín kù.

Ibi tí ìrètí ti wá ni ìjákulẹ̀ náà ti wá. Windows 11, tí ó jáde ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, béèrè fún ohun èlò ààbò TPM 2.0, ó sì kọ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 10 tí gbogbo ènìyàn ń gbà dúró; ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ni ó ṣí ààyè àtúnṣe ààbò fún, títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ní Nàìjíríà, níbi tí kọ̀ǹpútà àlòkù ti jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, tí iná mànàmáná kì í dúró sójú kan, tí a sì ń fi owó ra dátà, àṣẹ bẹ́ẹ̀ wúwo ju bí ó ti rí lójú ẹni tí ó pa á lọ.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé ohun tí òǹlò ń retí kò pọ̀: kí ìlérí ṣẹ, kí ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n lò má sọnù lójijì, kí iṣẹ́ rẹ̀ wà láìséwu, kí ẹ̀rọ rẹ̀ sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Vista kùnà ti àkọ́kọ́, Windows 8 kùnà ti èkejì, Windows 10 kùnà ti ẹ̀kẹta ní ọdún 2018, Windows 11 sì fi ti ẹ̀kẹrin sínú ewu. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe ètò nìkan kò lè tó. Ọgbọ́n ẹni tí ó ń fi í jẹun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó yẹ kí olórí jókòó kí abẹ tó kan orí.